Ogún Lo Kọ Sábẹ́ Rẹ̀, Ogún Ni Kó Jẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún méjì rèé tí mo ṣí sítúdíò kékeré kan ní Òṣogbo. Èmi àti ọmọṣẹ́ méjì la wà níbẹ̀. À ń gbẹ́ àwòrán sára láínò, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ rírọ̀ tí ọ̀bẹ ń wọ̀, à ń fi ínkì pa á, à ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, a sì tún ń fi síkíríìnì tẹ tíṣáàtì àti àpò fáwọn tó ń ṣe ìnáwó. Lọ́dún tó kọjá mo gbẹ́ àwòrán àwọn ìyá aláta Ọjà Ọba, mo tẹ ẹ̀dà 20, mo kọ nọ́ńbà sí wọn, mo tà wọ́n ní ₦40,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ti tán. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan l'Ékòó rí i lórí Instagram, wọ́n ní àwọn fẹ́ 40 sí i tí àwọn máa gbé kọ́ sí yàrá, àwọn á san ₦500,000 fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún ní kí n fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn. Láínò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́? Owó ilé ti tó san. Àti pé, ṣé kí n fi iṣẹ́ tíṣáàtì sílẹ̀ ni?"

Àbúrò mi, má tẹ̀ ẹ́. Má sì lé òtẹ́ẹ̀lì náà lọ. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí onílé bá ti ń wú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà kéèyàn lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, nítorí náà n kò ní fi ìwàásù dá ọ lóhùn. A jọ máa ṣírò ó ni. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, jẹ́ ká wo ohun tí o ti tà.

Àwọn 20 tó ra àwòrán yẹn, o lè má rántí ojú ìdajì wọn mọ́. Wọ́n ra pépà, wọ́n ra ínkì, wọ́n sì ra ọ̀rọ̀ tí o fi pẹ́ńsù kọ sábẹ́ rẹ̀, pé ogún péré ni yóò wà láyé, àti pé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ni ìkẹta tàbí ìkẹrìnlá nínú ogún ọ̀hún. Nígbà tí ò ń kọ ọ́, kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí. Wọ́n gbà ọ́ gbọ́ ni. Ní báyìí òtẹ́ẹ̀lì dé, ó ń dárúkọ owó sí ọ létí, àwọn ogún kò sì sí nínú yàrá láti sọ tẹnu wọn. Ìwọ nìkan lo lè bá wọn sọ ọ́.

Mo ti ṣe é rí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọdún kẹta tí mo dá dúró ni. Ẹ̀dà 25 ni mo tẹ nínú àwòrán onílù kan, gbogbo rẹ̀ tà. Oníbàárà kan wá bẹ̀ mí, ó ní ọjọ́ ìbí ìyàwó òun ń bọ̀, òun ò sì fẹ́ nǹkan mìíràn. Mo rántí pé ẹni tó ra 7/25 ti kó lọ sókè òkun. Mo bá tẹ ọ̀kan sí i lóru, mo kọ 7/25 sí i. Ta ni yóò mọ̀? Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ará òkè òkun wálé, wọ́n pè é síbi ìkómọ, ó jókòó, ó gbójú sókè, ó rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri ẹlòmíràn, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀. Kò bú mi. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì í. Mo dá owó rẹ̀ padà, ó gbà á. Kò ra nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n náà kò sì rà mọ́. Títí dòní, bí mo bá rí 7 lábẹ́ àwòrán, àyà mi á kọ́kọ́ já.

O lè sọ pé, ṣebí àwọn aládìrẹ wa kò kọ nọ́ńbà sí nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè, wọ́n gbé àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ sára adìrẹ, wọ́n pè é ní Olóba. Ọba yẹn kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn ò sì dáwọ́ rírẹ aṣọ rẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. L'Ábẹ́òkúta, ara páànù síńkì ni wọ́n ti ń gé bàtání, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún gbá a kọjá sórí aṣọ, bàtání kan á sì máa ṣiṣẹ́ títí etí rẹ̀ á fi ya. Kò sẹ́ni tó bínú, nítorí kò sẹ́ni tó ṣèlérí iye fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ra Olóba mọ̀ pé aládùúgbò òun lè ra tirẹ̀ lọ́la. Bí o kò bá kọ nọ́ńbà sí iṣẹ́ rẹ, o lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ayé, n kò ní bá ọ wí. Ìwọ lo kọ ọ́.

Àwọn tó ń kó àwòrán jọ kì í sì í gbàgbé. Rembrandt, ayàwòrán ará Netherlands, kú ní 1669. Àwọn páànù bàbà tó fín àwòrán sí bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n sì ń tẹ̀ wọ́n fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ìgbà ayé ọkùnrin náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, nítorí owó méjèèjì jìnnà síra wọn. Páànù kan náà, ìlà kan náà.

Ó yá, ìṣirò. Iye tí mo fẹ́ kọ yìí, àpẹẹrẹ ni. Ìwọ fi iye ọjà tòní rọ́pò rẹ̀, torí owó pépà kì í sùn síbi tó jí.

Ká ní ewé pépà olówùú kan, oní 300 gíráàmù, tó fẹ̀ tó 56 sí 76 sẹ̀ǹtímítà, jẹ́ ₦12,000, tí o sì gé e sí mẹ́rin. ₦3,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí 40 tó jáde dáadáa, 48 ni wàá gé, nítorí àwọn mélòó kan á yẹ̀, ìka á kan àwọn mìíràn, rólà á sì gbé ínkì jù sórí ọ̀kan tàbí méjì. Ìyẹn ₦144,000. Ínkì, pépà ìdánwò, kẹrosíìnì, àkísà àti ìbọ̀wọ́, ₦60,000. Pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, ₦30,000. Ọmọṣẹ́ méjì fún ọjọ́ mẹ́fà, ní ₦8,000 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦96,000. Àpapọ̀ ti di ₦330,000. Fi ₦70,000 kún un fún ìpín owó ilé àti ìtọ́jú ẹ̀rọ, ó di ₦400,000. Pín in sí 40: ₦10,000 ni ẹ̀dà kan ná ọ, ìwọ fúnra rẹ kò sì tíì gba kọ́bọ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ san ₦500,000, ìyẹn ₦12,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́ lápapọ̀ ni ₦100,000. Ṣé o rí i? Àwọn èèyàn 20 ti kó ₦800,000 lé àwòrán yẹn lórí. ₦100,000 ni wọ́n fẹ́ fi ra ọ̀rọ̀ tí o bá àwọn yẹn sọ, kì í sì í ṣe pé wọ́n mọ̀. Ìwọ lo kò tíì jókòó ṣírò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máa ń dún bí agogo létí ẹni tó jẹ owó ilé. Nígbà tí o bá yọ ohun tó wọlé pépà àti ti ọmọṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kò dún mọ́.

Nítorí náà, kọ̀wé sí wọn lónìí. Sọ fún wọn pé àwòrán aláta ti parí ní 20, àti pé inú rẹ yóò dùn láti gbẹ́ tuntun fún wọn. Kí o má tọrọ àforíjì fún gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń rà, òun gan-an ló máa jẹ́ kí wọ́n fẹ́ èkejì.

Tuntun á fi iṣẹ́ gbígbẹ́ kún ìnáwó. Ká ní ọjọ́ mẹ́wàá lo máa fi gbẹ́ ẹ, tí o sì ka ara rẹ sí ₦20,000 lójúmọ́. ₦200,000 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di ₦600,000, ẹ̀dà kan sì ná ọ ní ₦15,000. Àwọn kan á ní kí o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí o máa lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ìwọ, nítorí o ti ní iye tí ayé mọ̀ ọ́ mọ́: ₦40,000. Má jẹ́ kí ti òtẹ́ẹ̀lì jìnnà sí i jù. Pè é ní ₦35,000 nítorí pé wọ́n ń rà á lọ́pọ̀, ₦1,400,000 lápapọ̀. Gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, ìyẹn ₦840,000. Pẹ̀lú èyí, bí wọ́n bá tilẹ̀ sá lọ lọ́la, gbèsè kò wọlé rẹ. Kí ₦560,000 tó kù wọlé kí ẹrù tó jáde. Bí wọ́n bá ní owó àwọn kò tó o, iye ẹ̀dà ni kí o dín, má dín owó. Kí wọ́n gbé 15 sí àwọn yàrá ńlá àti ibi ìgbàlejò. Ìwọ ya pósítà lọ́tọ̀ fún àwọn yàrá tó kù, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní nọ́ńbà, tí o kò fi pẹ́ńsù fọwọ́ sí, kí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ pósítà lórí ìwé owó. Kò sí ìtìjú nínú pósítà. Ìtìjú wà nínú pípe pósítà ní nǹkan mìíràn.

Má bẹ̀rù pé ₦35,000 pọ̀ jù fún wọn. Bó bá jẹ́ pépà lásán ni wọ́n ń wá, Èkó kún fún un. Òṣogbo ni wọ́n ń wá. Ìlú tí o wà yẹn, níbi tí Duro Ladipo ti ṣí Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1962, tí Ulli Beier, ará Germany, àti àwọn tó pè wá fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yẹn ni Ru van Rossem, ará Netherlands, tó fi bí wọ́n ṣe ń fín àwòrán sára páànù tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n. Wo àwọn àwòrán tí Twins Seven-Seven, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn, fín láyé ìgbà yẹn, àwọn iwin tó kún inú ara wọn. Orúkọ tí àwọn yẹn dá sílẹ̀ wà nínú iye tí ò ń pè, bóyá o kà á tàbí o kò kà á.

Ọ̀nà kan wà tí o fi lè lo láínò àtijọ́, mo sì mẹ́nu bà á kí ẹlòmíràn má bàa wá fi tàn ọ́ jẹ. O lè gbẹ́ ẹ sí i, kí o gé ìdajì ọjà yẹn kúrò, kí àwòrán rẹ̀ di òmíràn, kí o sì kọ̀wé tọ̀ ọ́ pé ìpele kejì ni. Àwọn àgbà iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Rembrandt pàápàá gbẹ́ àwọn páànù rẹ̀ ní àgbẹ́túngbẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ ọdún márùn-ún á rí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Kí o fi búlúù tẹ ohun tí o ti fi dúdú tẹ̀, kí o wá pè é ní tuntun, ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ni. Bí èmi ni ìwọ, mi ò ní fọwọ́ kàn án rárá.

Bó bá ṣe pé o tọ́jú ẹ̀dà ayàwòrán, àwọn tí ayàwòrán ń tẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn àwọn tó ní nọ́ńbà, tí a ń kọ A/P sí, o lè ta ìyẹn fún wọn láìdá ẹ̀ṣẹ̀. Àṣà ni pé kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, méjì nínú 20 tìrẹ. Méjì kò kún yàrá 40, ṣùgbọ́n ó lè kún ọ́fíìsì mánéjà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé owó.

Lórí fáìlì: rárá. Mo fẹ́ kí o sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín o, àmọ́ rárá ni. Lábẹ́ Òfin Copyright ti Nàìjíríà, ti 2022, ẹni tó ra àwòrán lọ́wọ́ rẹ ra ẹ̀dà yẹn ni, kò ra ẹ̀tọ́ láti máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ títí tí o fi wà láyé, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ fún 70 ọdún lẹ́yìn rẹ. Kò lè kúrò lọ́wọ́ rẹ sọ́wọ́ ẹlòmíràn bí kò bá sí nínú ìwé tí o fọwọ́ sí. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé owó tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń fi ránṣẹ́ ní gbólóhùn kékeré kan nísàlẹ̀ tó ń gbé e lọ. Ka ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi àwòrán rẹ ṣe káàdì tàbí ìpolówó, ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tọ̀, pẹ̀lú iye ọdún àti owó tirẹ̀. Bí o bá fi fáìlì tó tóbi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìwé tó bá wà nílẹ̀ kò ní dá atẹ̀wé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì dúró. Fọ́tò kékeré tó ní orúkọ rẹ láàárín rẹ̀ ti tó fún wọn láti fi ṣèpinnu.

Ọ̀rọ̀ àsìkò. Ínkì olóróró ni mo rò pé o ń lò. Nígbà òjò, ó lè lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó gbẹ, pàápàá níbi tí ínkì bá ti nípọn, nítorí náà má ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì fún wọn torí pé ọwọ́ rẹ yá. Sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fa okùn, fi péègì aṣọ há wọn kọ́; bí o bá tò wọ́n léra wọn ní ọjọ́ kẹrin nítorí ààyè, ẹ̀yìn ọ̀kan á mu ojú èkejì, 48 rẹ á di 30. Ọyẹ́ ní wàhálà tirẹ̀, pépà á fún, ìlà méjì kò ní bá ara wọn mu mọ́ bí àwọ̀ rẹ bá ju ẹyọ kan lọ. Fún iṣẹ́ yìí, àwọ̀ kan ti tó. Láínò tuntun tí o bá rà, tó bá le nítorí pé ó ti pẹ́ lórí igbá ọjà, gbé e sí oòrùn díẹ̀ kí o tó gbẹ́ ẹ; òróró àti ìyẹ̀fun kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ṣe é, ooru á mú un rọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi rọ́bà ṣe kò nílò ìyẹn. Kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ àwòrán mọ́ pákó, àti pé kí páálí wà láàárín gíláàsì àti pépà. Ẹ̀fúùfù òkun l'Ékòó kì í fojúure wo pépà, bí àwòrán bá sì bàjẹ́ nínú yàrá wọn, orúkọ rẹ ni àlejò á kà lábẹ́ rẹ̀.

Tíṣáàtì ńkọ́? Máa ṣe é lọ. N kò mọ sítúdíò kékeré kan tí iṣẹ́ ọnà nìkan ń bọ́ lọ́dún kejì, ẹni tó bá sì sọ fún ọ pé tòun rí bẹ́ẹ̀, béèrè ohun tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń ṣe. Àpò ìnáwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ni kí o gbà. (Ti olóṣèlú nìkan ni kí o gba owó rẹ̀ pé pérépéré kí o tó da ínkì. Ẹni tó wọlé kò ní rántí ọ, ẹni tó já kò ní gbé fóònù.) Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o yà wọ́n sọ́tọ̀. Òwú tó ń bọ́ lára aṣọ máa ń bà lé ínkì láínò, á fi àmì funfun kéékèèké sílẹ̀ tí o kò ní rí àfi tó bá gbẹ. Bí yàrá bá jẹ́ ẹyọ kan, ya ọjọ́ sọ́tọ̀: ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú fún aṣọ, kí ẹ gbálẹ̀, kí ẹ fi omi nu tábìlì, kí Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì jẹ́ ti pépà. Ìwé owó wọn pẹ̀lú, méjì ni kó jẹ́. Títí di ìgbà tí mo pín tèmi, mo rò pé àwòrán mi ló ń bọ́ tíṣáàtì.

Ra ìwé àkọsílẹ̀ tó ní ẹ̀yìn líle bí o kò bá tíì ní. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: iye ẹ̀dà, irú pépà, ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ra nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan àti iye tó san. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aláta. Pe àwọn 20 tí o bá rí nọ́ńbà fóònù wọn, sọ fún wọn pé ò ń ṣe àkọsílẹ̀. Méjì nínú wọn á béèrè ohun tí o ní nílẹ̀ báyìí, mo fi dá ọ lójú.

Lẹ́yìn náà, gbé láínò yẹn sórí tábìlì. Mo mọ̀ pé á dùn ọ́, o fi alẹ́ púpọ̀ gbẹ́ ojú àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn kọjá lórí rẹ̀, láti igun dé igun, kó jinlẹ̀. Fi ínkì pa á, kí o tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo, kọ ọjọ́ sí i, kí o sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé náà. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá fèsì pé àwọn kò fẹ́ tuntun, pé ti aláta gan-an ni àwọn ń fẹ́, ya fọ́tò ẹ̀dà olólà yẹn fún wọn.